Kí A Tó Ta Aṣọ Ra Abẹ́rẹ́ Tuntun

Ọ̀rọ̀ orúnkún ni a fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti orúnkún nìkan. Ọ̀rọ̀ nípa bí ìdílé ṣe lè mọ oògùn tí ó yẹ kí wọ́n náwó lé lórí ni.

Nígbà tí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ìrora sì mú un, ohun tí ó máa ń wà lọ́kàn àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n wá oògùn tí ó dára jù lọ fún un. Èyí dára, ìfẹ́ ni ó sì mú un wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé oògùn tí ó dé kẹ́yìn, tí ó sì wọ́n jù lọ, ni ó gbọ́dọ̀ dára jù lọ. Èrò tèmi ni pé ìrònú yìí lè kó ìdílé sí gbèsè lásán. Kì í ṣe ìgbà tí oògùn dé tàbí iye owó rẹ̀ ni a fi ń mọ agbára rẹ̀. Ìdánwò òtítọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ìtàn abẹ́rẹ́ apàrora kan, tí wọ́n ń gún fún àwọn tí a pààrọ̀ orúnkún wọn, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀ fún wa.

ORÚNKÚN TÍ Ó TI GBÓ

Ní ìpàdé eegun itan àti eegun ojúgun, ohun kan wà tí ó rọ̀, tí ó sì ń yọ̀, tí ó bo orí eegun kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí bí ara bá wúwo jù, tàbí bí ènìyàn bá ti fi orúnkún náà ṣèṣe rí, ìbòrí yìí a máa jẹ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá tán, eegun a máa ha eegun. Orúnkún a wú, a máa ró bí ènìyàn bá fẹ́ dìde, ìrora rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí a sùn. Èyí ni àìsàn oríkèé-ara-ríro, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní làkúrègbé. Ó ń bá àwọn obìnrin jà ju àwọn ọkùnrin lọ, pàápàá lẹ́yìn tí nǹkan oṣù wọn bá ti dúró.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúnkún ń dùn ni ó nílò iṣẹ́ abẹ. Dídín ìwúwo ara kù, ìdárayá tí ń mú iṣan itan le, ọ̀pá ìtìlẹ̀, àti oògùn ìrora tí dókítà bá fọwọ́ sí, ti tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá ran aláìsàn lọ́wọ́ mọ́, tí ìyá kò lè rìn dé ọjà tàbí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dókítà lè gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ orúnkún náà. Wọn a gé orí eegun tí ó ti jẹ kúrò, wọn a sì fi irin àti ike líle tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà rọ́pò rẹ̀. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú, fún àpẹẹrẹ ní ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbóbì, ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Owó rẹ̀ kò kéré rárá. Nítorí náà, kò yẹ kí a tún fi ìnáwó tí kò ní ìdí kún un.

ÌDÍ TÍ A FI GBỌ́DỌ̀ PA ÌRORA NÁÀ

Àwọn kan gbà pé ìfaradà ni oògùn ìrora, àti pé akọni obìnrin kì í sunkún. Ní ti orúnkún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, èrò yìí léwu. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an, tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ó yẹ kí aláìsàn dìde dúró, kí ó gbé ìṣísẹ̀ díẹ̀, kí ó sì máa ká orúnkún náà kò, kí ó tún máa nà án. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, orúnkún tuntun náà lè gan, kí ó má sì lè ká mọ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ sójú kan. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá gbéra tí ó lọ sí inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà, pípa ìrora kì í ṣe ìkẹ́ lásán, ara ìtọ́jú ni.

Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà ń gbà pa ìrora yìí ni pé, kí wọ́n tó rán ojú abẹ, wọn a gún abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ara kú sí àyíká orúnkún náà. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò ni bupivacaine. Ní ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1957. Kò ṣe àjèjì sí ẹ̀yin ìyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ abẹ bímọ, tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, tí ẹ ń gbọ́ igbe ọmọ yín láìmọ ìrora abẹ, oògùn yìí ni wọ́n lò fún yín. Ó wà lára àwọn oògùn tí àjọ ìlera àgbáyé kà sí kò-ṣeé-má-nìí. Kò wọ́n, àwọn dókítà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára, ìrora yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí.

ABẸ́RẸ́ TUNTUN NÁÀ

Àléébù yìí ni àwọn ẹlòmíràn rí tí wọ́n fi ronú ọ̀nà mìíràn. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí ń jẹ́ Alec Bangham, ní àgbègbè Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé bí a bá po irú ọ̀rá kan mọ́ omi, ọ̀rá náà a máa ká ara rẹ̀ kò di ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tí omi wà nínú wọn, tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ó yá, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Pacira fi bupivacaine sínú irú ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Exparel. Oògùn lásán mọ́ gaara bí omi, ṣùgbọ́n eléyìí funfun bíi wàrà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ ṣe àkàwé. Bí a bá bu gbogbo ẹ̀kọ inú ìkòkò fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ewé dì í, tí a ń tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀rá wọ̀nyí ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, tí oògùn inú wọn sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni pé ìrora kò ní jí títí di nǹkan bí wákàtí 72, èyíinì ni ọjọ́ 3.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, àjọ tí ń ṣe àbójútó oògùn àti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á. Iye owó rẹ̀ ní ilẹ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 300 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgò kan, nígbà tí ti bupivacaine lásán kò ju dọ́là díẹ̀ lọ. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi tẹ́wọ́ gbà á kò sì fara sin. Àwọn oògùn ìrora líle, irú èyí tí ó bá mọ́fíìnì tan, ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹrú ní Amẹ́ríkà, ó sì ti pa ọ̀pọ̀. Bí abẹ́rẹ́ kan bá lè dín lílo wọn kù, ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Èrò náà dára lójú, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bọ́gbọ́n mu lórí ìwé lè má rí bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn.

ÌKÒKÒ ẸWÀ MÉJÌ

Kò sí ìyá tí kò mọ bí a ṣe ń dán nǹkan wò. Bí ẹnìkan bá wá ta irú kánún tuntun kan fún yín, tí ó ní ó ń mú ẹwà jinná kíá ju kánún tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá òtítọ́ ni? Ẹ kò ní fi ẹwà tuntun sínú ìkòkò kan, kí ẹ fi ẹwà ọdún mẹ́ta sínú èkejì. Ẹ kò ní fi iná igi se ọ̀kan, kí ẹ fi iná èédú se èkejì. Ẹwà kan náà, omi kan náà, iná kan náà ni ẹ ó lò. Ohun kan ṣoṣo tí yóò yàtọ̀ ni kánún. Ẹ kò sì ní fi ìkòkò tí kánún tuntun wà nínú rẹ̀ wé ìkòkò tí kò ní kánún rárá. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kì í ṣe bóyá kánún tuntun sàn ju òfo lọ. Bóyá ó sàn ju èyí tí ó wà nílé lọ ni ẹ fẹ́ mọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà ti di kókó. Àwọn ìdánwò tí wọ́n fi gba àṣẹ ní 2011 jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ̀díjẹ̀dí fún, àti àwọn tí wọ́n gé kókó ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn. Ti orúnkún kò sí níbẹ̀. Bákan náà, abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn kankan nínú ni wọ́n fi wé e. Ó sàn ju òfo lọ, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá gbóríyìn fún oògùn tuntun láìgbọ́ tẹnu oògùn àtijọ́ ti dá ẹjọ́ ẹnìkan.

Ní 2018, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe lára àwọn ènìyàn 140 tí a pààrọ̀ orúnkún wọn. Ní ti èyí, wọ́n fi oògùn tuntun pẹ̀lú bupivacaine lásán wé bupivacaine lásán nìkan. Wọ́n rí i pé ìrora àwọn tí ó gba tuntun dínkù láti wákàtí 12 títí dé wákàtí 48, àti pé oògùn ìrora líle tí wọ́n lò fi ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù sí ti àwọn yòókù. Ilé iṣẹ́ tí ń ta oògùn náà ni ó náwó sí ìdánwò yìí. Èyí nìkan kò sọ ọ́ di irọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn 140 kò pọ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí a tún un ṣe ní ibòmíràn, lára ènìyàn tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a wò ó bóyá ẹ̀rí náà yóò dúró.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn olùwádìí láti yunifásítì Oxford ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Láti oṣù kẹta ọdún 2018 títí dé òpin oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n gba àwọn ènìyàn 533 tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún wọn sínú ìdánwò kan ní ilé ìwòsàn ìjọba 11. Iye tí ó ju ìdajì wọn lọ jẹ́ obìnrin, ọjọ́ orí wọn sì sún mọ́ 70 ní ìpíndọ́gba, èyíinì ni pé irú àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wà nínú ilé wa ni.

Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n fi pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojúsàájú yan ẹni tí ara rẹ̀ le sí apá kan. Apá kìíní gba bupivacaine lásán. Apá kejì gba bupivacaine lásán náà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ tuntun kún un. Wọn kò jẹ́ kí àwọn aláìsàn mọ èyí tí wọ́n gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun gba oògùn olówó gọbọi lè rò pé ara òun ti fúyẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí ó ṣubú ṣe máa ń dákẹ́ ẹkún nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti fẹ́ ojú ọgbẹ́ náà pẹ́ẹ́ tí ó sì wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ó ti lọ."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wọ́n ní ohun méjì pàtàkì. Èkíní ni bí ìrora ti pọ̀ tó láti wákàtí 6 títí dé wákàtí 72 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èkejì ni bí ara wọn ti rí ní wákàtí 72, nípasẹ̀ ìbéèrè 40 lórí oorun, oúnjẹ, èébì, ìbẹ̀rù, àti bí wọ́n ṣe lè dá tọ́jú ara wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Kí ni wọ́n rí? Nínú ohun méjèèjì yìí, kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe é tọ́ka sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ni ìrora àwọn tí ó gba tuntun fi díẹ̀ dínkù, ó sì kéré gan-an. Ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba. Oògùn ìrora líle tí wọ́n lò kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń lo orúnkún wọn kò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó, wọ́n rí i pé èrè abẹ́rẹ́ tuntun náà kò tó ohun tí wọ́n ń ná lé e lórí.

Bí a bá sọ ọ́ ní kúkúrú, ìkòkò méjèèjì jinná ní àkókò kan náà. Kánún tí ó wà nílé ti tó.

ÀWỌN OHUN TÍ ẸLÒMÍRÀN LÈ SỌ

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ṣebí ìdánwò ti 2018 rí àǹfààní? Èé ṣe tí a ó fi gba ti 2022 gbọ́ jù?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ oògùn náà ní ọ̀nà tí dókítà gbà gún un ṣe pàtàkì, pé a gbọ́dọ̀ gún un sí ojú púpọ̀ ní àyíká orúnkún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn kan bá jẹ́ pé ọwọ́ àwọn dókítà díẹ̀ nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́, tí kò sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n mọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 11, kí ni yóò fi dá wa lójú pé yóò ṣiṣẹ́ fún ìyá wa? Mo gbà pé ìdánwò tí ó tóbi jù, tí ó sì jọ ìtọ́jú ojoojúmọ́ jù, ni ó yẹ kí ìdílé fi ṣe ìwọ̀n.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kò yẹ kí a máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí jáde, kí a má baà ba ọjà oníṣòwò jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà tí ń kun ènìyàn ní oorun ní Amẹ́ríkà tẹ àwọn àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó sọ pé àǹfààní oògùn yìí lórí èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ kò tó nǹkan. Pacira pe ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà lẹ́jọ́ ní oṣù kẹrin ọdún náà, pé wọ́n ba oògùn àwọn jẹ́. Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2023. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yìí. Bí dókítà kò bá lè sọ pé, "A dán an wò, kò sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ta ni yóò gba aláìsàn lọ́wọ́ gbèsè?

Ohun kẹta ni ó wúwo jù. Bí a bá dárúkọ ìdánwò oògùn ní ilẹ̀ wa, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí Kano. Ní 1996, nígbà tí àrùn ọrùn-líle ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn kan tí ń jẹ́ Trovan wò lára wọn. Ọmọ 200 ni wọ́n lò, wọ́n sì fún ìdajì wọn ní oògùn mìíràn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ni ó kú nínú wọn. Àwọn ìdílé kan ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ọgbẹ́ yìí kò tíì san tán nínú ọkàn àwọn ènìyàn, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n wò ó. Ohun tí a ń bá wí nínú ọ̀rọ̀ Kano kì í ṣe pé a dán oògùn wò. Ohun tí àwọn òbí ń sọ ni pé a kò là á yé wọn, a kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Òfin ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti ọdún 2014, ti wá sọ ọ́ kedere: a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára ẹnikẹ́ni àyàfi bí a bá ti ṣàlàyé fún un, tí òun náà sì ti fi ọwọ́ sí ìwé. Òfin náà sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sá fún gbogbo ìdánwò pátápátá, a kò sá fún ewu. Ńṣe ni a kàn ń gba oògùn láìmọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn 533 tí wọ́n gbà kí a fi kèké pín wọn ni ó jẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin mọ òtítọ́ lónìí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÌDÍLÉ MÁA BÉÈRÈ

Kì í ṣe orúnkún nìkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Bí wọ́n bá gbé oògùn tuntun tí ó wọ́n kalẹ̀ fún ẹni yín, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́, ìbáà ṣe hóró oògùn, ẹ má bínú, ẹ má sì bẹ̀rù. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè mẹ́rin yìí:

1. Oògùn wo ni ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ fún irú nǹkan báyìí?

2. Ǹjẹ́ wọ́n ti fi tuntun yìí wé ti tẹ́lẹ̀ náà, lára àwọn tí àìsàn wọn jọ ti ẹni wa?

3. Báwo ni àǹfààní rẹ̀ ti pọ̀ tó? Ṣé ó ń jẹ́ kí aláìsàn tètè rìn, tàbí kí ó tètè lọ sílé?

4. Ewu wo ni ó wà nínú rẹ̀, èló sì ni?

Dókítà rere kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí ìdáhùn bá sì fi hàn pé tuntun sàn jù lóòótọ́, ẹ rà á bí agbára yín bá ká a. Èmi kò sọ pé kí a kórìíra oògùn tuntun. Oògùn tuntun ni oògùn ibà tí ó ń gba àwọn ọmọ wa là lónìí jẹ́ nígbà kan rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

OHUN TÍ OWÓ KÒ LÈ RÀ

Fún ẹni tí a bá pààrọ̀ orúnkún rẹ̀, àwọn ohun tí ó wà lọ́wọ́ ará ilé pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó máa lo oògùn ìrora tí wọ́n kọ fún un ní àkókò tí wọ́n dá, kí ó má dúró di ìgbà tí ìrora bá ti ga, kí ó má sì kọjá iye tí wọ́n kọ. Bí ó bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kídìnrín, ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí pé àwọn oògùn ìrora kan lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ má ṣe ra tramadol lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri. Ẹ di yìnyín sínú aṣọ, kí ẹ máa gbé e lé orúnkún náà fún ìgbà díẹ̀díẹ̀. Ẹ dì í mú kí ó dìde, kí ó rìn, kí ó ká ẹsẹ̀ náà kò, kí ó sì nà án, bí wọ́n bá ṣe kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún náà kí ó sùn, kí ó má baà gan síbẹ̀. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná tàbí àgbo jó ojú abẹ náà, ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i.

Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú lódì ní ojúgun, bí èémí rẹ̀ bá ń ṣe kúkúrú tàbí àyà ń dùn ún, bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí bí ọyún bá ń jáde lójú abẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, owó tí ẹ bá fi pamọ́ nípa bíbéèrè ìbéèrè kan lè tó láti fi wọ ọkọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí láti fi ra ẹ̀fọ́ àti ẹyin fún ẹni tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀. Aṣọ tí ẹ kò tà yóò wà nínú àpótí. Ìyá àgbà yóò sì tún dìde lọ sí ọjà fúnra rẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kò sì yẹ kí a fi gbogbo ọrọ̀ náà ra ohun tí kò fi kún ìlera wa.